Ẹni tí a jọ ń gun òkè ti kú: kí la ó kọ́kọ́ gbà là?

Ìbéèrè tí òǹkàwé kan fi ránṣẹ́ nìyí: "Ọdún 22 ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi jọ ń gun òkè, tí a jọ ń pàgọ́ sínú igbó. Oṣù kẹjọ rèé tí àìsàn ti mú un lọ. Ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù òkè rẹ̀ fún mi: okùn, bẹ́líìtì tí a fi ń so ara mọ́ okùn, àṣíborí, bàtà, àgọ́, kọ́ńpáàsì, ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta àti fóònù rẹ̀. Mo fẹ́ máa lò wọ́n kí n lè máa rántí rẹ̀. Mo tún fẹ́ kan àwo irin tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ mọ́ àpáta orí òkè tó fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà n kò tíì lè fẹsẹ̀ kan òkè kankan, ẹ̀rù sì ń bà mí pé mo ti ń gbàgbé ohùn rẹ̀. Àwọn ènìyàn ní kí n gbé e kúrò lọ́kàn, pé kì í kúkú ṣe ẹbí mi. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìbéèrè tó wà nínú ìwé yín ju ẹyọ kan lọ, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí okùn tí a kò ká dáadáa. Ti ọ̀fọ̀ wà níbẹ̀, ti ohùn àti àkọsílẹ̀ wà níbẹ̀, ti ẹrù wà níbẹ̀, ti òkè fúnra rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé gbogbo wọn kò ní àkókò kan náà. Àpáta lè dúró dè yín fún ọdún mẹ́wàá. Ohùn tó wà nínú fóònù kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè bàjẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà là, kí àwo irin yẹn gbẹ̀yìn, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ẹ kò nílò rẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ bá máa fi débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ "kì í kúkú ṣe ẹbí" kúrò lọ́nà. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ṣe é, ẹ tún fi ọdún méjì lé e. Láti ọdún 1989 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Kenneth Doka ti fún irú ìbànújẹ́ yín ní orúkọ: ọ̀fọ̀ tí àwùjọ kò kà sí ọ̀fọ̀. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò ní àyè tirẹ̀ níbi ìsìnkú, ibi iṣẹ́ kò fún un ní ìsinmi, kò sì sí ẹni tó yà sílé rẹ̀ láti kí i kú àràfẹ́rakù. Ìbànújẹ́ náà kò kéré ju ti ẹbí lọ, ibi tí yóò gbé e kà ni kò ní. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń pẹ́ lára ọ̀rẹ́. Bí ẹ bá lè rí ẹni kan ṣoṣo tí ẹ lè máa dárúkọ olóògbé létí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ ti rí nǹkan ńlá.

Àṣìṣe kejì ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìbànújẹ́ ní ìpele márùn-ún tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gùn tẹ̀ lé ara wọn bí àtẹ̀gùn. Dókítà ọpọlọ kan, Elisabeth Kübler-Ross, ló kọ́kọ́ to ìpele wọ̀nyẹn sílẹ̀ lọ́dún 1969, àwọn aláìsàn tó ń retí ikú tiwọn ló sì ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn tí èèyàn wọn kú. Ohun tó bá ìrírí àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mu jù ni èyí tí àwọn onímọ̀ méjì, Margaret Stroebe àti Henk Schut, ṣàlàyé lọ́dún 1999: ènìyàn máa ń lọ síwá-sẹ́yìn láàárín ẹkún àti iṣẹ́ òòjọ́, nígbà mìíràn láàárín wákàtí kan péré. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá rẹ́rìn-ín kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ da ọ̀rẹ́ yín, ọjọ́ tí ẹ bá sì tún sunkún lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ kì í ṣe ìpadàsẹ́yìn. Ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oṣù 6 sí àkókò tó kéré jù kí dókítà tó lè pe ọ̀fọ̀ ní àìsàn; àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi í sí oṣù 12 fún àgbàlagbà, láti ọdún 2022. Ṣùgbọ́n iye oṣù nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á bi yín bóyá ojoojúmọ́ ni àárò rẹ̀ ń gbé yín dè, bóyá ẹ kò lè sùn, jẹun, ṣiṣẹ́ mọ́, bóyá ìgbésí ayé kò ní ìtumọ̀ mọ́. N kò lè fi ojú ìwé kan wádìí èyí lára yín. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ rí dókítà. Bí ó bá sì ń wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ̀yin náà kú tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ yín, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ fún ẹnì kan, kí ẹ má dá wà.

Ìdí wà tí àìsí ẹlẹgbẹ́ òkè fi máa ń dùn yàtọ̀. Ọ̀rẹ́ ilé, a máa ń kọjú síra wa bá a sọ̀rọ̀. Ẹlẹgbẹ́ ojú ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ la máa ń wà. Ara yín ló mọ̀ ọ́n kí ọkàn tó mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ yín mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yára àti ibi tó ti máa ń dúró mí. Ọwọ́ yín mọ̀ pé ọ̀pá àgọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni tiyín, pé òun ló ń kan èèkàn. Nítorí náà, ẹ lè wà ní àlàáfíà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ wá na àgọ́ kan, kí ọwọ́ yín dúró lójú afẹ́fẹ́ de èèkàn tí ẹnikẹ́ni kò gbé wá. Kì í ṣe pé ẹ kò lágbára. Ìrántí yín wà nínú iṣẹ́ tí ẹ jọ ń ṣe, ibẹ̀ náà sì ni a ti máa ń rí i dáadáa jù, ó ju ara òkúta lọ.

Ó yá, iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ gba ohùn rẹ̀ là, fóònù tiyín ni kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi ohùn rán sí yín lórí WhatsApp yẹ kó ṣì wà níbẹ̀ bí ẹ kò bá pa á rẹ́. Ẹ ṣí ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ti ń bára yín sọ̀rọ̀, ẹ wá ibi tí a ti ń kó ọ̀rọ̀ jáde, kí ẹ yan èyí tó máa kó ohùn àti àwòrán mọ́ ọn. Orúkọ fáìlì ohùn yóò parí sí .opus. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ẹ ṣe ẹ̀dà MP3 lọ́tọ̀ fún gbígbọ́, torí bí a bá ń yí ohùn láti irú fáìlì kan sí òmíràn, díẹ̀ máa ń sọ nù nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo fídíò òkè tí òun yà, kì í ṣe èyí tí a ti yà á nìkan. Ẹni tó di kámẹ́rà mú kì í hàn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ló sún mọ́ ẹ̀rọ jù. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń mí, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe ń ní kí ẹ sún díẹ̀ sí apá ọ̀tún.

Fóònù tirẹ̀ gba sùúrù. Ẹ má ṣe máa méfò ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀: àwọn fóònù kan wà tí a lè tò kí wọ́n pa gbogbo ohun inú wọn rẹ́ lẹ́yìn àṣìtẹ̀ 10. Ẹ bi ìyàwó rẹ̀. WhatsApp sábà máa ń pa àkáǹtì tí a kò lò fún ọjọ́ 120 rẹ́, oṣù mẹ́jọ sì ti kọjá ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú fóònù náà gan-an kì í lọ títí a ó fi yọ WhatsApp kúrò lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ má yọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè gba nọ́ńbà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Bí ìdílé bá ṣì fẹ́ nọ́ńbà náà, kí wọ́n máa fi owó díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì máa fi pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti kó ohun inú rẹ̀ tán, ẹ fi bátìrì rẹ̀ sílẹ̀ ní bí ìdajì kí ẹ tó pa á. Bátìrì tí a fi sílẹ̀ ní òfo fún oṣù púpọ̀ lè kọ̀ láti gba iná mọ́, nígbà mìíràn ó máa ń wú. Àwòrán, wáyà ni kí ẹ fi gbà wọ́n. Èyí tí a bá fi WhatsApp rán bí àwòrán lásán máa ń súnkì, ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á tó wà nínú fáìlì náà a sì pòórá, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ àti ibi yẹn ni ẹ ó fi mọ òkè wo ni. Bí aago ọwọ́ rẹ̀ tàbí fóònù bá ń gba ipa ọ̀nà sílẹ̀, ẹ kó o jáde ní fáìlì GPX. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ètò máàpù ló sì lè kà á. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta gbogbo rẹ̀, sórí irú ohun ìpamọ́ méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fláàṣì nìkan, torí bí ó bá wà nínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún púpọ̀ láìrí iná, ohun inú rẹ̀ lè parẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ ṣí fáìlì mélòó kan, kí ẹ sì gbọ́ ọ dé ìparí.

Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo kà sí ogún tó níye lórí jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n kó fún yín. Ẹ ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lójú mọmọ, láìtan iná kámẹ́rà. Bí pẹ́ńsùlù bá ti ń ṣá, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ipa tí ẹnu pẹ́ńsùlù tẹ̀ sínú ìwé lè hàn. Ẹrẹ̀ tó gbẹ sójú ewé, ẹ má nù ún. Ewé igi tó fi há inú rẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀ níbi tó wà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ìwé bá tutù, ẹ má gbé e sún mọ́ iná. Ẹ fi bébà tó ń fa omi sáàárín ewé rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i, kí ẹ máa pààrọ̀ bébà náà. Láàárín wákàtí 48 ni èbu máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Bí ẹ kò bá lè gbẹ ẹ́ kó tó di ìgbà yẹn, ẹ fi ọ̀rá wé e kí ẹ gbé e sínú fírísà títí ẹ ó fi ráyè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rá gbígbóná lẹ̀ ẹ́ pa kó má bàa bàjẹ́. Ooru àti gọ́ọ̀mù yẹn kì í ṣeé yọ mọ́.

Kí ẹ tó ka ìwé wọ̀nyẹn tán, ẹ kọ tiyín. Bí ẹ bá ti ka tirẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa borí ohun tí ẹ̀yin rántí, ẹ kò sì ní mọ èwo ni ti ta ni mọ́. Ẹ má kọ pé ènìyàn rere ni. Ìrìnàjò kan, ojú ewé kan: ojú ọjọ́, ibi tí ẹ jókòó, ohun tó wà nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀, ohun tó sọ nígbà tí òjò dé, èwo nínú yín ló ní kí ẹ padà. Bí ẹ bá rí mẹ́wàá kọ lóṣù kan, ó pọ̀ tó. Bí ẹ bá wá fi wọ́n wé ìwé rẹ̀, ibi tí ẹ kò ti fẹnu kò ni ẹ ó ti tún rí i, torí bí òun ṣe rí nǹkan náà ló wà níbẹ̀.

Ní ti ẹrù, ẹ pín in sí méjì: èyí tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́ àti èyí tí ẹ̀mí kò rọ̀ mọ́. Okùn, bẹ́líìtì àti gbogbo ọ̀já tí a rán, ẹ má fi wọ́n gun òkè. Náílọ́ọ̀nù máa ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn, ásíìdì bátìrì ọkọ̀ sì lè jẹ ẹ́ láìfi àmì kankan sílẹ̀ lójú. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n fi ọdún 10 ṣe òpin, bí a kò tilẹ̀ lò ó rí. Ẹ wá àmì ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára bẹ́líìtì. Ẹ̀yin lè ní ẹ mọ ìtàn okùn náà, torí ẹ jọ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ibi tó wà láàárín ìgbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn àti ìgbà tó dé ọwọ́ yín. Ìyẹn nìkan ti tó. Àṣíborí náà bẹ́ẹ̀. Ìkọ́ irin tí a fi ń so okùn lè ṣì wúlò bí ẹnu rẹ̀ bá ń ṣí tó sì ń padé fúnra rẹ̀, tí kò sí ìlà ìsán, tí okùn kò sì tíì jẹ ibì kan wọnú débi tí etí rẹ̀ fi mú. Bí iyèméjì bá wà, ẹ yọ ọ́ sápá kan. Ẹ gé okùn sí ègé tí kò tó mítà kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í lò lọ́jọ́ iwájú, ẹ fi iná díẹ̀ yọ́ ẹnu wọn kó má tú. Ègé kan lè di ohun tí ẹ fi so kọ́kọ́rọ́. Òmíràn lè lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, òmíràn sọ́dọ̀ ẹni tó tún mọ̀ ọ́n lórí òkè.

Bàtà rẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́, bí ó tilẹ̀ bá yín mu. Ó ti yọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò bó yín lẹ́sẹ̀. Rírọ̀ tó wà láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ bàtà òkè sì máa ń fọ́ bí àkàrà gbígbẹ lẹ́yìn ọdún mélòó kan nínú àpótí, nítorí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Orí òkè ló máa ń já, kì í ṣe nínú ilé. Àgọ́, ẹ nà án ní àgbàlá. Bí inú rẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó ń rùn kíkan, ohun tí wọ́n fi kùn ún kí omi má wọlé ti jẹrà, kò sì ṣeé wò sàn. Kọ́ńpáàsì ni mo máa gbà yín níyànjú pé kí ẹ máa lò lójú ọ̀nà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn kí ẹ sì wò ó: èyí tó bá ti wà nítòsí fóònù fún oṣù púpọ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ lè ti yí padà pátápátá, kó máa pe gúúsù ní àríwá. Bí ẹ bá ní jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí èéfín iná àgọ́ ṣì wà lára rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́. Bó bá ti gbẹ dáadáa, ẹ fi sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí ẹ má sì ṣí i lemọ́lemọ́, torí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣí i ni díẹ̀ ń lọ.

Ó ku òkè fúnra rẹ̀. Bí ẹ ó bá padà, ẹ má fi òkè tó fẹ́ràn jù bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi àyájọ́ ikú rẹ̀ ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́. Àìsùn àti ìrònú máa ń dín bí ènìyàn ṣe ń ṣọ́ra kù, ọjọ́ tí ọkàn wúwo sì ni ẹsẹ̀ máa ń yọ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ mú bébà kan, ẹ kọ gbogbo ohun tí òun máa ń ṣe tí ẹ̀yin kì í ṣe. Ta ló ń ka máàpù? Ta ló ń wo aago? Ta ló ń sọ pé ó tó, ẹ jẹ́ ká padà? Ẹni tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú lè ṣìnà ní ibi tó ti gbà kọjá nígbà ogún, torí ẹnì kejì ló ń ṣọ́nà, kò sì mọ̀. Ẹ tún ṣírò àkókò yín, nítorí ìrìn ẹni méjì ni ẹ mọ̀. Òfin tí William Naismith, ará Scotland kan tó ń gun òkè, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1892 ṣì dára fún ìbẹ̀rẹ̀: wákàtí kan fún bíi kìlómítà 5, pẹ̀lú wákàtí kan fún bíi mítà 600 tí ẹ bá gùn. Kìlómítà 8 pẹ̀lú mítà 450 tí ẹ gùn sókè jẹ́ ìṣẹ́jú 96 àti ìṣẹ́jú 45, ó ju wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú lọ díẹ̀, láìka ìsinmi. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ ó yíjú padà sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, ibi yòówù kí ẹ dé. Ẹ fi ipa ọ̀nà àti wákàtí náà sọ́wọ́ ẹni tó máa wá yín bí ẹ kò bá pè. Ẹ mú ẹnì kan dání, kí ẹ sì sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe pé ó wá rọ́pò ẹnikẹ́ni, àti pé ẹ lè dákẹ́ fún wákàtí kan. Wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún ìgbà àkọ́kọ́, lójú ọ̀nà tí ẹ lè yà kúrò kí ẹ tó dé òkè. Bí ẹ bá padà láti àárín ọ̀nà, ẹ ti lọ.

Nísinsìnyí, àwo irin. Mo mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ní olúwa, láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀ wọ́n lè yọ ọ́ dànù láìsọ fún yín, yóò sì dà bí ìgbà tí ẹ tún pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ihò tí a bá gbẹ́ sára àpáta máa ń gba omi; irin á dípẹtà, ìpẹtà á ṣàn sára àpáta, níbi tí òtútù bá sì ti ń sọ omi di yìnyín, yóò là á. Òkúta tí a kó jọ gègèrè náà ní ewu tirẹ̀, torí nínú kùrukùru, ẹni tí kò mọ ọ̀nà lè rò pé àmì ọ̀nà ni. Igi gbígbìn sàn díẹ̀, bí ó bá jẹ́ irú igi tó ń hù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí kòtò fẹ̀ tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta gbòǹgbò rẹ̀ láìjìn jù ú lọ, kí ẹni tó máa bomi rin ín sì wà. Ẹ má fún igi kan ṣoṣo ní orúkọ rẹ̀. Igi kékeré máa ń kú, ẹ gbin bíi márùn-ún.

Èyí tí mo fọwọ́ sí jù ni pé kí ẹ gba apá kan nínú ọ̀nà tí ẹ jọ ń rìn, kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn tó ni ín. Omi ni ọ̀tá ọ̀nà òkè, ó ju ẹsẹ̀ ènìyàn lọ. Níbi tí òkúta tàbí igi bá ti dábùú ọ̀nà ní ìdagun láti darí omi kúrò, erùpẹ̀ àti ewé máa ń dí ẹnu rẹ̀, omi á fò ó, á sì gbẹ́ ọ̀nà di kòtò. Ọkọ́ kan, wákàtí méjì, lẹ́yìn òjò ńlá: ẹ kó ohun tó dí i kúrò títí ẹ ó fi rí ìsàlẹ̀ tó le, ẹ da erùpẹ̀ náà sí apá ìsàlẹ̀ ọ̀nà, kí ẹ la ẹnu àbájáde omi jìnnà tó bíi mítà kan kó má bàa padà wọlé. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wo bí omi ṣe ń yà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ti ìyàwó rẹ̀. Ó kó ẹrù fún yín, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé kò lè wò ó nígbà náà ni. Lẹ́yìn ọdún kan, ó lè fẹ́ gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń mí nígbà tó ń gun òkè. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ fún un nísinsìnyí, ẹ fi èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí ìdílé sílẹ̀ láìkà á. Ẹ sọ fún un pé ó wà lọ́wọ́ yín, kò sì di dandan kó gbà á lónìí.